Bátìrì Tó Wú Nínú Gáréèjì Rahmon

Bátìrì náà wú bí ẹni tó jẹun kọjá àyè ikùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ìdérí rẹ̀ là ní igun kan, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì wà nínú gáréèjì náà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ láti ìdájí àná. Olúbùkọ́lá Adéfarasìn lóṣòó níwájú rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Bùkọ́lá tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wádìí ohun tó fa iná fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Houston. Ilé tó jó, ọkọ̀ tó jó, ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ ò rí. Àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti dojú rú, òun náà ni wọ́n ń sá tọ̀ lọ. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló máa ń gbà, kò sì tijú láti sọ irú èyí tó fẹ́.

“Dọ̀tun ló ṣe é,” ni Alhaji Rahmon Bàdámọ́sí wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Mo ní ẹ̀rí.”

“Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná, Bọ̀dá. Ẹjọ́ kẹ́yìn.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ìdájí Jímọ̀, kí Rahmon tó dìde láti lọ kírun àsùbáà, aláàmù tó ń ṣọ́ gáàsì nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Balqees, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, sùn sí yàrá tó wà lórí gáréèjì, nítorí pé Nusaiba ìyá rẹ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Ọmọ náà jí, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì bì. Àwọn panápaná dé, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n yọ ṣájà lára iná, wọ́n gbé bátìrì jáde kúrò nínú àpótí dúdú rẹ̀, wọ́n ní èéfín bátìrì ni, kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò jáde dáadáa. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, Balqees ti ń béèrè núdù. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ̀ kò tíì jẹun láti ìgbà náà.

Bátìrì náà, ti ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ apẹja kékeré kan wà lórí tírélà nínú gáréèjì yẹn ní àdúgbò Mission Bend, Rahmon àti Dókítà Olúdọ̀tun ló jọ ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́, nígbà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Fondren Southwest, tí ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní kíláàsì àárọ̀ ló máa ń wọ̀ ọ́. Rahmon di ẹnjiníà, Dọ̀tun di dókítà, ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé, orí omi ni wọ́n jọ ń wà.

Rahmon na fóònù rẹ̀ sí Bùkọ́lá. Kámẹ́rà tó wà lókè ilẹ̀kùn ló ya fídíò náà lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tí Rahmon àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Dọ̀tun tẹ kóòdù gáréèjì, ó wọlé, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lábẹ́ ohun kan tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó jáde, nǹkan mìíràn wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó wúwo bíi ti àkọ́kọ́.

“Mo pè é lánàá. Mo ní, Dọ̀tun, kí lo wá ṣe nílé mi? Ó ní òun wá mú ìwọ̀ ẹja òun ni. Bùkọ́lá, ìwọ̀ wo ló wúwo tó yẹn? Ó gbé bátìrì mi tó dáa lọ, ó fi jákujàku rọ́pò ẹ̀. First thing Monday morning, mo ń lọ sí police.”

“Ta lẹ ti sọ ọ́ fún?”

“Mo ti sọ fún Nusaiba. Ó ní Dọ̀tun ò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ òun mọ́ láyé.”

Bùkọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ti rí i pé ohun tó bàjẹ́ nínú ilé yìí ju bátìrì lọ. Ó béèrè ìgbà tí Rahmon bu omi sí bátìrì náà kẹ́yìn.

“Wẹ́sìdeè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i.”

“Ẹ wá fi ibi tẹ́ ẹ ti bu ú sí i hàn mí.”

Rahmon sún mọ́ ọn, ó tẹ orí ba, ojú rẹ̀ sì yí padà. Orí bátìrì náà dán láti etí dé etí. Kò sí ìdérí kéékèèké kankan tí èèyàn lè ṣí, kò sí ibi tí omi lè gbà wọlé. Wọ́n ti dí i pa láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

“Bọ̀dá Rahmon,” Bùkọ́lá wí jẹ́jẹ́, “ẹ ò ṣí àpótí yìí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè.”

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn, bóyá ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́. Ó ní ẹ̀yìn òun kò jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti ṣí àpótí dúdú tí bátìrì ń gbé inú rẹ̀ kẹ́yìn. Wáyà méjì tó yọ síta lára àpótí ni òun kàn ń fi ẹnu ṣájà há. Ó ní kí Bùkọ́lá má sọ fún Dọ̀tun, nítorí ọkùnrin yẹn á ní kí òun wá ṣe X-ray.

Bùkọ́lá fi ìka pa ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà. Gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti bó bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí kúrò lára rẹ̀. Èyí wá yà á lẹ́nu, nítorí olè kì í dúró tún ọjà tó fẹ́ jù sílẹ̀ ṣe.

Ó yíjú sí ṣájà. Ó pupa, ó ga tó orúnkún, kẹ̀kẹ́ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì ní, èyí tí wọ́n ń yí. Rahmon fọwọ́ lé e lórí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní ìgbà tí òun wà ní yunifásítì lòun ti rà á níwájú ilé òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ tà, kò sì tíì ṣàìsàn rí.

“Báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa pa á?”

“Mo máa ń tàn án ní Thursday tí mo bá kírun ìṣáì tán lálẹ́. Tí mo bá ń lọ kírun àsùbáà, màá pa á. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, whether a lọ sórí omi tàbí a ò lọ. Ìrun kì í yẹ̀ lórí mi, ìdí nìyẹn tí ṣájà náà ò fi ń yẹ̀.”

Bùkọ́lá dúró. Ó wo ṣájà, ó wo Rahmon, ó ní òórùn àkàrà ń ta sí òun láti inú ilé.

*

Làdíátù, ìyàwó Rahmon, ló ń dín àkàrà náà. Ó fún Bùkọ́lá ní abọ́ kí ó tó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè sọ. Ó ní láti ìgbà tí Rahmon ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń dìde láìjẹ́ pé èèyàn jí i. Tí Dọ̀tun bá ti fọn fèrè ọkọ̀ níta, á máa wá fìlà kiri bí ọmọ iléèwé. Lánàá, ó fi ìbínú yọ àwòrán Dọ̀tun kúrò lórí fóònù rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wá bá òun nínú kíṣìnnì, tó ń béèrè báwo ni wọ́n ṣe ń dá àwòrán padà.

“Tó bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, Bùkọ́lá, kò sí àtúnṣe mọ́. Ta ni màá wá máa gbé ọkọ mi fún lọ́jọ́ Sátidé?”

Bùkọ́lá ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ó wá béèrè nípa bátìrì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Làdíátù rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì àwọn kì í pẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń kú, gbogbo wọn ló sì ń kú nígbà òtútù. Ní ti omi, ó ní òun lòun ń ra omi bátìrì wálé. Tí ooru bá mú, jáálá kan á pẹ́ lórí ibi tó wà títí eruku á fi bò ó. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí December wọlé, bátìrì náà á máa mu omi bí ràkúnmí.

“Kí ni Bọ̀dá ní ó fà á?”

“Ó ní òtútù ni. Òtútù Houston! Òtútù tí mo ń fi bùbá kan rìn nínú ẹ̀. Àná gan-an, kí panápaná tó dé, irú tí mo gbé sínú fíríìsà gáréèjì ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.”

Bùkọ́lá dáwọ́ jíjẹ dúró. Ooru ló yẹ kó máa fa omi gbẹ. Tí omi bá ń gbẹ nígbà òtútù, tó sì dúró nígbà ooru, nǹkan mìíràn ló ń mu ún. Ó mú àkàrà kan sí i láti fi ronú.

*

Kí ó tó kúrò ní àdúgbò náà, ó yà sọ́dọ̀ Chloe, òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Chloe ní RV, ọkọ̀ gígùn tó ní bẹ́ẹ̀dì àti síńkì nínú, ẹ̀bá ògiri gáréèjì Rahmon gẹ́lẹ́ ló sì ń gbé e sí. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná ti béèrè bóyá gáàsì ìdáná ló ń jò láti inú rẹ̀. Rahmon náà ti di ọ̀rọ̀ yẹn mú láti fi ṣe ẹ̀sùn kejì, bí ti Dọ̀tun kò bá bá a mu.

Ẹ̀sùn náà kò pẹ́ tó fi kú. Chloe ṣí ibi tí sìlíńdà gáàsì wà, aláǹtakùn sì ti ta okùn yí ohun tí wọ́n fi ń ṣí sìlíńdà náà ká dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Bùkọ́lá dúpẹ́, ó fẹ́ máa lọ, ni ojú rẹ̀ bá kan wáyà iná tó jáde láti inú ilé Chloe wọ inú RV náà. Ó béèrè bóyá bátìrì ló ń gba iná. Chloe ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì yọ ọ́ láti oṣù kan sẹ́yìn, kò sì ní yọ ọ́ títí dìgbà tó bá fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ìrúwé.

Bùkọ́lá ní ṣé bátìrì náà kò ní yó jù ni. Chloe wò ó tìyanu, ó ní ṣájà náà mọ ìgbà tó yó. Tó bá ti yó, ṣájà á dẹwọ́, á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Bùkọ́lá gbọ́wọ́ lé bátìrì náà. Ó tutù, kò sì sí òórùn kankan.

Nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ àti ìgbà tó ń là lórí fóònù, ti June àti ti December. Lẹ́yìn náà ló wá kọrí sí Fulshear, níbi tí Dọ̀tun ń gbé.

*

Dókítà Olúdọ̀tun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó mú Bùkọ́lá wọ pálọ̀ ńlá tí àga inú rẹ̀ dàbí ohun tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé rí, ó sì tún ìtàn ìwọ̀ ẹja rẹ̀ sọ láìwo ojú rẹ̀.

“Bọ̀dá Dọ̀tun, mo ti wo fídíò yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé, okùn funfun kan rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, okùn tí wọ́n fi ń gbé bátìrì tuntun. Nígbà tẹ́ ẹ ń jáde, kò sí okùn. Ẹni tó ń jalè kì í gbé tuntun wọlé kó gbé ògbólógbòó jáde.”

Dọ̀tun jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà.

“Ẹ̀yin lẹ bó bébà ara ẹ̀.”

“Kọ ọ́ pé èmi ni, Bùkọ́lá.”

“Pé ẹ̀yin ni ẹ ṣe kí ni?”

“Pé èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa Balqees.” Ó bú sẹ́kún. “Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Kí Rahmon mú mi lọ sí police. I won't fight it.”

Bùkọ́lá jẹ́ kó sunkún tán. Ní ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, ó ti gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó parọ́ láti fi bo ara wọn, kì í sì í ṣàánú wọn. Ọkùnrin tó ń bá ara rẹ̀ rojọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n, àánú rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

Ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, bátìrì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí omi ní Galveston, wọ́n sì ń gbọ̀n títí ẹni tó mọ̀ wọ́n fi fà wọ́n wá sétí omi. Dọ̀tun fẹ́ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n Rahmon kì í gba ẹ̀bùn. Tí Dọ̀tun bá ra ìwọ̀ sínú ọkọ̀ náà, Rahmon á ra ọ̀pá. Tó bá ra ọ̀pá, Rahmon á ra ìjókòó tuntun. Látìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ni ìdíje yìí kò ti dùn mọ́ Dọ̀tun nínú mọ́. Ó pinnu pé òun á fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Ó ra èyí tó dáa jù, ó bó bébà ara rẹ̀, ó tì í sínú àpótí dúdú tí ti tẹ́lẹ̀ wà, ó sì pa ìdérí dé.

“Kí ló dé tó jẹ́ èyí tí wọ́n dí pa lẹ rà?”

“Torí ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí kì í mu omi, kò ní máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó rò pé mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn ún.”

Bùkọ́lá ní kí ó mú òun lọ wo bátìrì tó gbé wá. Ó wà ní kọ̀rọ̀ kan nínú gáréèjì Dọ̀tun, nínú búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn náà. Bùkọ́lá ṣí àwọn ìdérí kéékèèké orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Inú rẹ̀ gbẹ fúráúrá. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ yọrí síta, wọ́n sì ti funfun.

“Èyí náà ti kú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá. Ẹni tó pa á ló pa tuntun. Ẹ wẹ̀, ẹ fá irùngbọ̀n yín. Tí ẹ bá ṣe tán ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, ẹ wá pàdé mi.”

*

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ojú omi àti RV ló ní kí Dọ̀tun wá, lẹ́bàá freeway tó lọ sí Galveston. Kò sọ fún un pé òun ti ní kí Rahmon náà wá. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé níwájú ibi tí wọ́n to ṣájà sí, Rahmon yíjú kúrò, Dọ̀tun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kan bí ẹni pé ìdánwò ni.

“Mo ti rí ẹni tó ṣe é,” Bùkọ́lá wí. “Òun kan náà ló ń ṣe é látọdúnmọ́dún.”

“Mo ti sọ bẹ́ẹ̀,” Rahmon dá a lóhùn.

“Bọ̀dá Rahmon, nígbà ooru, aago mélòó lẹ máa ń kírun ìṣáì?”

“Ó máa ń pẹ́. Nígbà mìíràn oorun á ti fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ.”

“Àsùbáà ńkọ́?”

“Kò ní pẹ́ rárá, mi ò ní tíì sùn tẹ́rùn.”

“December ńkọ́?”

Rahmon bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka wákàtí òru. Ẹnjiníà ni. Bùkọ́lá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e, ó sì wù ú kó lè dá a dúró.

“Ìrun ń tẹ̀ lé oòrùn,” ó wí. “Bátìrì kì í tẹ̀ lé e. Òru ooru kúrú, ẹ máa ń pa ṣájà kí ọ̀ràn tó débẹ̀. Òru December gùn, ṣájà yín ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yó. Yóò máa rọ iná sínú bátìrì títí ẹ fi máa jí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ní ẹnu, omi wọn ló ń hó jáde, ìdí nìyẹn tí Àǹtí Làdíátù fi ń ra omi ní December. Wọ́n ń kú jẹ́jẹ́. Èyí tó wú kò ní ẹnu, ó sì ti yó kí ẹ tó fi há ṣájà. Ó gbóná, ó là, èéfín ẹ̀ sì gba òkè lọ.”

“Dọ̀tun ńkọ́? Kí ló gbé lọ nílé mi?”

Bùkọ́lá sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti bátìrì tuntun, ó sọ ti èyí tó gbẹ nínú gáréèjì Fulshear. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ra èyí tí wọ́n dí pa nítorí ẹ̀yìn ẹnì kan, Rahmon fọwọ́ di ibi ìtòjàsí mú.

“Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi fún ọ?”

“Rahmon, dókítà ni mí,” Dọ̀tun wí. “Mo sì ti ń wo bí o ṣe ń wọnú ọkọ̀ yẹn láti ọdún tó kọjá.”

Rahmon kò wo ojú rẹ̀. “Ṣájà mi ni. Ọmọ mi sùn lókè ẹ̀, èmi ni mo sì tàn án.” Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Bùkọ́lá ti sọ irú òótọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ àkàrà ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Ó rò pé kó jẹ́ kí iṣẹ́ gba ọkàn wọn díẹ̀, ó bá mú ṣájà kan kúrò níbi tí wọ́n tò ó sí.

“Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó gbọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ràn mí lọ́wọ́.”

Rahmon nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí èyí tó tóbi jù lọ. Ó ní agbára ẹ̀ pọ̀, kíá ló máa mú bátìrì kún. Dọ̀tun gbàgbé pé àwọn ń bínú.

“Rahmon, NEPA ò sí níbí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú iná lọ. Kí lo ń sáré sí?”

“Ó dáa bí nǹkan bá yára.”

“Ìyára yẹn náà ló mú kí bátìrì yín wú,” Bùkọ́lá wí. Ó ní ṣájà tó lágbára ju bátìrì lọ, sísè ló máa sè é. Ó ní kí wọ́n wá èyí tó ń dẹwọ́ fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá yó, tí èèyàn sì lè tẹ irú bátìrì tó ní sí lára rẹ̀, nítorí oúnjẹ bátìrì tó ń mu omi yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n dí pa. Rahmon wá ọ̀kan rí. Dọ̀tun gbà á, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní inú RV ni wọ́n ṣe é fún, tí omi bá ta sí i ó parí. Ó mú òmíràn tí omi kò lè wọ̀, tí wọ́n lè dè mọ́ inú ọkọ̀. Rahmon ní òun ò rí àmì ilé-iṣẹ́ tó ń dán ohun èlò iná wò lára rẹ̀, òun ò sì ní gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò sínú ilé tí ọmọ ń sùn sí mọ́. Wọ́n dá a padà. Ìkẹta ní àmì, omi kò lè wọ̀ ọ́, ó ń gbọ́ bí bátìrì ṣe gbóná sí, tí wọ́n bá sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ há ibi tí kò yẹ, kò ní ta iná. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú méjèèjì bí àwọn àna tó ń wo ọkọ ìyàwó.

“Ìta la ti máa lò ó,” Rahmon wí. “Tàbí ká ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ọ̀sán.”

“Ọ̀sán,” Dọ̀tun gbà.

Nígbà tí wọ́n dé orí ìlà ìsanwó, Rahmon gbé ṣájà náà fún Bùkọ́lá, ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe Nusaiba, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

“Nusaiba, ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹ sọ nípa Dọ̀tun, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Ṣájà mi ni. Èmi ni mo tàn án, tí mo lọ sùn.”

“Daddy, you told me he did it. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ rí i mọ́. I texted him that.”

“Mo mọ̀. Mo parọ́ mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ ni.”

Dọ̀tun gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọmọ mi, má dá bàbá ẹ lóhùn. Ká ní mo ti sọ fún un pé mo pààrọ̀ bátìrì, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é.”

“Èmi ni,” Rahmon wí.

“Àwa méjèèjì ni, mo ní.”

Wọ́n gbọ́ tí Nusaiba fa imú. “Daddy Dọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Balqees ti ń béèrè yín láti àná. She keeps asking, why didn't he come and see me when I was sick? Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ẹ wá sọ fún un fúnra yín. Ẹ̀yin méjèèjì. Now.”

Dọ̀tun dá fóònù padà, ó sì di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ti ń rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, wọ́n ń jà lórí ọkọ̀ ta ni kí wọ́n gbé, kí Bùkọ́lá tó rí i pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀ lórí ìlà ìsanwó, pẹ̀lú ṣájà lápá.